Ilé Ìyá Iná Kò Ní Koríko Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará Ìdí-Emi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ húkọ́, kí ó hú u nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín ọ̀rọ̀ náà. A ti họ etí ìlú wa yíká, ọkọ́ ti sinmi, ẹ sì ní kí n sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Ọdẹ́gbèmí, tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún, tí mo wo ojú ẹkùn títí ẹkùn fi kọ́kọ́ gbé ojú kúrò, èmi náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí.

Láti inú ìwà ìkà kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlélógójì rèé. Nígbà náà, koríko ni gbogbo wa fi ń bo ilé. Àwa ọdẹ a máa dá ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí a ó fi iná sí igbó kí ẹran lè jáde. Kí ọjọ́ náà tó pé, baálé kọ̀ọ̀kan ní láti ṣán koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó sì họ ilẹ̀ ibẹ̀ títí yóò fi pupa. Ti ẹnìkan á kan ti ẹnìkejì, títí ilẹ̀ pupa náà yóò fi yí ìlú ká bí ìgbànú. Ìlọ̀rí ọmọ Àjọkẹ́, ẹgbẹ́ mi, tí ó jókòó sí ìdí igi lọ́hùn-ún yẹn, òun ni Baálẹ̀ ìgbà náà rán pé kí ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó jábọ̀ pé gbogbo rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, òun náà ni wọ́n ní kí ó tanná sí igbó.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, iná ti wọ ìlú. Ilé mi ni ó kọ́kọ́ jó, ilé tuntun tí n kò tíì gbé ju oṣù mẹ́rin lọ. Láti orí ilé mi ni ó ti fò sórí ilé ìyá Ìlọ̀rí. A gbé màmá náà jáde láàyè, ṣùgbọ́n nígbà òjò tí ó tẹ̀lé e, abẹ́ òrùlé onílé ni ó kú sí.

Ní ìpàdé, mo dìde. Mo ní, bí etí ìlú bá mọ́ gẹ́gẹ́ bí Ìlọ̀rí fúnra rẹ̀ ti jábọ̀, a jẹ́ pé ó tanná sí ojú afẹ́fẹ́ ni, nítorí pé kò bìkítà. Àwọn ènìyàn mi orí. Ìlọ̀rí ya ẹnu, ó sì pa á dé. Wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri Baálẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya ní òun kò lè fẹ́ ọdẹ tí ń fi ọwọ́ lásán wọ igbó. Èmi ní tèmi, n kò kí i mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni n kò fi kí i.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kò mọ̀ mí ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Tíṣà nà mí lọ́jọ́ kan nítorí ẹfun ìkọ̀wé tí n kò jí. Mo gbé síléètì mi lé orí tábìlì rẹ̀, mo jáde, n kò sì padà síbẹ̀ títí di òní. Tíṣà náà ti kú. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi. Bí òkúta bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní agídí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò mú un wá. Ajá mi pàápàá, Ọ̀ràn-ò-tán ni mo sọ ọ́, kí n lè máa pe orúkọ rẹ̀ sókè nígbàkúùgbà tí Ìlọ̀rí bá ń kọjá lọ.

Ó pẹ́, páànù dé. Inú wa dùn. A ní páànù kì í jóná, a sì jáwọ́ nínú etí ìlú híhọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Òótọ́ ni pé páànù kì í jóná, ṣùgbọ́n igi tí ó gbé e dúró ńkọ́? Ibùsùn abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Koríko dé ojú fèrèsé wa, a ní ó ń fún wa ní ìbòòji. A to igi ìdáná ti ògiri. Ewé gbígbẹ kún orí òrùlé, a ní afẹ́fẹ́ ni yóò gbá a. Ìgbà náà ni iná igbó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá wò. Ọ̀gbẹlẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, ọdọọdún ni ó ń wọ̀lú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé méje ni ó lọ, pẹ̀lú àká àgbàdo wa.

Baálẹ̀ Oyètádé pè wá jọ. Ó ní, "Bí iná bá tún wọ ìlú yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí olúkúlùkù máa lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Ìdí-Emi ti tán nìyẹn." Ẹkún sọ láàárín àwọn obìnrin. Èmi ń ronú: níbo ni ilé ìyá mi? Ibojì ìyá mi wà ní ẹ̀yìn ilé mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́sàn-án kò mọ ìlú mìíràn. Baálẹ̀ tún ní, "Àfi bí ẹnìkan bá lè lọ bá Ìyá Iná nínú Igbó Èéfín, kí ó bi í ní ohun tí a ṣe fún ọmọ rẹ̀."

Ìlọ̀rí dìde. "Èmi yóò lọ."

Èmi náà dìde. "Bí òun bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, kí ó má baà tún lọ tanná síbòmíràn?"

Baálẹ̀ wo èmi, ó wo òun. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni yóò lọ. Ẹni tí ó bá dá nìkan bọ̀, kí ó má wọ̀lú."

Báyìí ni a ṣe dá ọ̀tá méjì sí ọ̀nà kan. N kò lè bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ tí a gbọ́dọ̀ sọ, nítorí náà ajá ni mo ń bá sọ ọ́. Mo ní, "Ọ̀ràn-ò-tán, sọ fún ọkùnrin yẹn pé apá ọ̀tún ni a ó gbà."

Ìlọ̀rí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ajá, bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé odò ni ó wà ní apá ọ̀tún."

Mo gba apá ọ̀tún. Odò náà mù mí dé ọrùn. Nígbà tí mo jáde, ajá náà jókòó létí odò, Ìlọ̀rí sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Bi í bóyá omi náà tutù."

A dé ẹnubodè Igbó Èéfín. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀, ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi, irun rẹ̀ jẹ́ koríko gbígbẹ tí ó wọ́ nílẹ̀. Ojú mẹ́rin ni ó ní: méjì ń wo ọ̀nà, méjì ń wo ojú ọ̀run níbi tí mànàmáná ti ń wá. Agbẹmáwẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ó ké pé, "Ta ní ń bọ̀?"

Ṣé irú mi ni a ń bi bẹ́ẹ̀? Mo gbé àyà síta. "Èmi Ọdẹ́rìnlọ! Iná inú ìbọn! Oòrùn ọ̀sán tí ń sun ọ̀tá lórí!"

Ó fò sẹ́yìn. "Jọ̀wọ́, jọ̀wọ́, àgbàlagbà, rọra sọ̀rọ̀! Ẹnu rẹ gbóná jù. Ṣé o fẹ́ kí irun mi gbiná ni?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Mo ní àlọ́ kan fún yín. Àlejò wo ni kì í wọ inú ilé ẹni, bí onílé kò bá tẹ́ ẹní dè é láti ìta? Ẹ lè wọlé nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹ kò ní jáde bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Èmi yóò gbìn yín sí ẹ̀gbẹ́ mi níhìn-ín, ẹ ó di koríko, ẹ ó sì máa bá mi wo ojú ọ̀run."

"Ikú ni!" èmi ni mo dáhùn.

"Ikú kì í dúró de ẹní."

Ìlọ̀rí ní, "Ṣé oorun ni?"

"Oorun a máa mú ènìyàn lórí ìdúró. Ẹ máa lọ. Ẹ máa rò ó."

A rìn títí a fi dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ewélọlá. Ẹ̀yin ará, mo ti rí nǹkan láyé yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin ibẹ̀ jẹ́ ìtàkùn, ti àwọn obìnrin wọn jẹ́ òdòdó. Èèwọ̀ ni kí wọ́n gé ohunkóhun tí ó bá hù. Bí koríko ẹ̀yìnkùlé ẹni bá ṣe ga tó ni ọlá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí koríko dé orókùn rẹ̀ jẹ́ mẹ̀kúnnù. Ẹni tí ó dé àyà rẹ̀ ni ìjòyè. Ti ọba wọn ti kọjá òrùlé, kò sì tíì rí oòrùn láti ogún ọdún. Ẹ̀ka igi gbígbẹ rọ̀ sórí àjà. Ìtàkùn gun igi, igi fi orí ti ilé, gbogbo rẹ̀ di ara wọn mú bí ẹbí tí ń jà sí ogún.

Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Eléwúrẹ́. Ó ní ewúrẹ́ mẹ́ta. Lónìí á so wọ́n mọ́ èèkàn níhìn-ín, lọ́la á so wọ́n lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi jẹ koríko yí ilé rẹ̀ ká, tí ibẹ̀ ń dán. Àwọn ọmọ ìlú á máa kọrin sí i pé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dà bí orí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ọba náà mú wa lọ wo ẹ̀yìn ààfin rẹ̀. Bẹẹrẹ ni ó wà níbẹ̀, koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé. Ó ga, ó pọ́n, ó gbẹ, ó ń ṣe wàrà-wàrà nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Mo yí ojú kúrò níbẹ̀. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sí i. Ìlọ̀rí wo bẹẹrẹ náà, lẹ́yìn náà ó wò mí. Èmi ń wo ẹyẹ kan lójú ọ̀run. Kò sí ẹyẹ lójú ọ̀run.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí iná kékeré kan ti inú igbó jáde. Kò tóbi ju òròmọdìẹ lọ. Ó dúró létí ìlú, ó fi ohùn tín-ín-rín béèrè pé, "Ṣé mo lè kọjá?" Àwọn ará Ewélọlá rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ lé koríko, ó di àkùkọ. Láti orí koríko ó bọ́ sórí igbó kékeré, ó di àgbò. Láti ibẹ̀ ó di ẹ̀ka ìsàlẹ̀ mú, ó fi ìtàkùn fa ara rẹ̀ gòkè, ó dé orí igi, ó sì di ẹfọ̀n oníwo mẹ́fà. Láti orí igi, òrùlé kù díẹ̀. Ẹ̀yin ará, iná kò ní ìyẹ́. Àkàsọ̀ ni ó ń wá kiri, àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì ti to ọ̀kan fún un láti ilẹ̀ dé àjà.

Mo bá a jà. Ta ni kò ní bá a jà? Mo já ẹ̀ka tútù, mo na orí kan, orí mẹ́ta jáde. Mo na mẹ́ta, mẹ́sàn-án jáde. Nígbà tí ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo rántí pé mo ní àwọn ọmọ-ọmọ nílé, mo sì sá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tí ó bá sá ni yóò sọ ìtàn. Ajá mi gbé ẹnu mọ́ etí ẹ̀wù mi, ó ń fà mí gba inú èéfín kọjá. Ìlọ̀rí gbé ọba sí èjìká. Ọba ń jà, ó ní òun kò ní fi koríko òun sílẹ̀. Ìjòyè kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń ké pé, "Kábíyèsí, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i!"

Ọba ní, "Tún un sọ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ bá gbiná!"

Ilé Ìyá Eléwúrẹ́ ni gbogbo wa sá lọ. Odindi ìlú kan há sí ẹ̀yìnkùlé opó. Iná dé etí ilẹ̀ dídán náà, ó na ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà. Ó na ìkejì, ó fà á padà. Ó ní, "Kò sí ibi tí mo lè tẹ̀ níhìn-ín." Ó ń rù, ó ń rù, ó padà di òròmọdìẹ, ó kú. Ọba jókòó sílẹ̀, ó béèrè omi. Opó náà fi igbá bu omi fún un, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ fara mọ́ ọn. Orí tí a fá ni ẹ jókòó lé." Ọba dọ̀bálẹ̀ fún un, àti fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ewúrẹ́ náà títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í ju òkò lu ewúrẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ gèlè ìyàwó mi.

A kúrò níbẹ̀, a rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀, a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Iná. Mo ti múra de ààfin tí ń jó. Mo ti mú awọ tútù bo ojú. Kí ni a bá? Ilé amọ̀ kékeré kan láàárín gbangba. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ tí a họ jìnnà sí ilé náà ní gbogbo ọ̀nà. Igi díẹ̀ wà, wọ́n jìnnà síra, wọ́n sì ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé. Igi ìdáná wà lọ́tọ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ewé kan lórí òrùlé. Ìyá arúgbó kan tí kò ní irun ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀.

Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Èèmọ́ wà lára ṣòkòtò yín. Ẹ gbọn ọ́n dànù kí ẹ tó wọ àgbàlá mi."

A gbọn ọ́n. A dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ẹ bí Iná. Kí ní ń bà yín lẹ́rù tí ẹ̀yìnkùlé yín fi mọ́ tó báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ni yóò mọ ọmọ tó ẹni tí ó bí i? Ọmọ dáadáa ni. Ó ń sè fún yín, ó ń rọ ọkọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ewé gbígbẹ kan ṣoṣo, á gbàgbé pé èmi ni ìyá òun."

Ìlọ̀rí ní, "Ìyá, ìlú wa fẹ́ tú. Kí ni a ṣe fún un?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ ń bọ́ ọ ni." Ó ju ọkọ́ méjì sílẹ̀ níwájú wa. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí ara yín. Kí ọ̀kan họ lọ sí ọ̀tún, kí èkejì họ lọ sí òsì, títí ẹ ó fi pàdé lẹ́yìn ilé. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ máa lọ."

Mo ní iṣẹ́ kékeré ni èyí. A họ ọ́ láti òwúrọ̀, a pàdé lẹ́yìn ilé nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. A dúró, ọkọ́ kan ọkọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, koríko ti hù padà dé orókùn. A tún họ ọ́, a tún pàdé, a tún wo ara wa bí àgùntàn. Ó tún hù. Ọjọ́ mẹ́fà! Èéfín ń ti ọwọ́ mi jáde. Bí a ti ń ṣiṣẹ́ ni ìyá náà ń kọ́ wa: pé kí a ṣán koríko kí ọyẹ́ tó mú un gbẹ, pé kí a sun ohun tí a ṣán díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì wà nílẹ̀, kí ènìyàn dúró tì í títí yóò fi kú, pé kí a so ewúrẹ́ sí ibi tí ọkọ́ kò dé, pé igi méjì tí ó bá fẹ́nu ko ara wọn lẹ́nu lókè ilé yóò sọ ọ̀rọ̀ wa fún iná.

Ní ọjọ́ keje, mo béèrè pé, "Ìyá, kí ló dé tí iṣẹ́ wa kì í dúró?"

Ó ní, "Orílẹ̀-èdè wo ni ẹ̀yin ti wá, tí ènìyàn yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i? Ilẹ̀ tí a kò fi ìkíni pa dé, ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a tún pàdé.  Mo ní, "E... e..." mo sì sọ ọ́ di ikọ́. Ìlọ̀rí fi ọkọ́ ti èjìká. Ó wò mí, kì í ṣe ajá ni ó wò. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, o kú iṣẹ́ o."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní, "Òo." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ pupa náà wà níbẹ̀, koríko kan kò hù.

Kí a tó lọ, Ìlọ̀rí ní, "Ìyá, mo ti mọ àlọ́ tí wọ́n pa fún wa lẹ́nubodè. Iná ni àlejò náà. Koríko gbígbẹ tí ó ti inú igbó dé ògiri ni ẹní tí onílé tẹ́ dè é."

"O mọ̀ ọ́n." Nígbà náà ni ó fi ojú tí kò ní irun wò wá. "Ní ọdún tí ilé Àjọkẹ́ jó, gbogbo ìlú yín ti họ ilẹ̀. Ọmọ mi dé ibẹ̀, ó ti ń kú lọ. Ta ni ó tẹ́ ẹní fún un?"

Ìlọ̀rí ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo wo ẹkùn lójú, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.  Ìyá náà ní, "N kò ní fi ipá fà á. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ipá fà tu, gbòǹgbò rẹ̀ á kù sínú ilẹ̀." Ó sì padà sí ìdí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, a sọ àlọ́ náà fún Agbẹmáwẹ̀. Ìlọ̀rí yọ ọ̀bẹ, ó sì gé irun gbígbẹ náà kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi kù ní ìwọ̀n ìka kan. Abàmì náà sunkún. Ó pa ojú méjì tí ń wo ọ̀run dé, ó ní láti ọjọ́ tí a ti dá òun, òun kò tíì pa wọ́n dé rí. Kí a tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó ti ń hanrun.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó kù. Ẹ rántí bí ẹ ti bú wa nígbà tí a ní kí ẹ gbé igi ìdáná kúrò lára ògiri. Ìwọ Ráníọlá, ìwọ ni o ní, "Ṣé kí n máa rin ogún ẹsẹ̀ nítorí igi kan, nítorí pé ọdẹ méjì lá àlá?" O rìn ín, mo dúpẹ́. Ẹ ṣán, ẹ họ, ẹ gé ẹ̀ka, ẹ gun òrùlé lọ gbá ewé. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà iná ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wá, ó ga ju igi emi wa lọ. Gbogbo wa dúró pẹ̀lú ẹ̀ka tútù àti omi. Ó dé etí ilẹ̀ pupa, ó na ẹsẹ̀, ó fà á padà.  Ẹ rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ fò sókè: Baálẹ̀ Oyètádé, ẹni ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀! Ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́kànlá ti kọjá láti ìgbà náà. Ilé kan kò jó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ yín tí ó le koko nítorí ọkọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìbá dára kí n dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí ẹ ní ẹ fẹ́ sọ ilẹ̀ pupa yìí ní Ìgbànú Ọdẹ́rìnlọ. Ìlọ̀rí sì dìde lójú gbogbo yín, ó ní, "Ó tọ́ sí i. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó bá mi lọ, n kì bá tí bọ̀." Òun ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀fun mi kọjá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lọ ju ogójì lọ, ó sì ti rẹ èmi tí mò ń gbé e sáré.

Ẹ gbọ́. Ọ̀sán tí ó ṣáájú ọjọ́ iná yẹn, Ìlọ̀rí dé ẹ̀yìnkùlé mi láti yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ń bí mi sí i nígbà náà nítorí itan ẹfọ̀n kan tí àwọn àgbà ọdẹ pín fún un tí ó yẹ kí ó jẹ́ tèmi. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo fi ara dí i. Mo ní, "Ìwọ tí mo kọ́ bí a ti ń ki ìbọn, ìwọ ni yóò wá yẹ ẹ̀yìnkùlé mi wò?" Mo fi ẹnu kan irin ìbọn mi, mo búra pé mo ti ṣán an. Ọdẹ kì í fi irin búra èké, nítorí náà ó gbà mí gbọ́, ó padà, ó sì jábọ̀ pé gbogbo rẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé: ó jẹ́rìí sí ohun tí kò fojú rí, nítorí pé ó fọkàn tán mi. N kò ṣán an. Bẹẹrẹ ni, ó ga jù mí lọ. Mo fẹ́ kí ó gbẹ lórí ìdúró kí n fi bo ilé ìdáná ìyàwó mi. Ó ti inú igbó dé ara ògiri mi. Ibẹ̀ ni iná gbà wọ̀lú.

Kí ni ó wí? Ìlọ̀rí, kí ni o wí? Ó ní etí òun kò gbọ́ran mọ́? Ó ní kí n sọ ọ́ sókè?

Ẹ fún mi ní ọ̀pá mi. Ẹ jẹ́ kí n dìde.

Ìlọ̀rí, ọmọ Àjọkẹ́! Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo fi koríko sílẹ̀! Èmi ni mo jó ilé ìyá rẹ! Ìwọ kò ṣẹ̀!